Ọkọ̀ Tó Ń Mọ̀ọ́mọ̀ Rì: Ọgọ́ta Ọdún HMS Fearless

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ló pé ọgọ́ta ọdún gééré tí wọ́n kọ́kọ́ fa àsíá ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè lórí HMS Fearless. Ọkọ̀ náà kò sí mọ́. Wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sì ti ta irin rẹ̀.

Ohun méjì ló mú mi jókòó ti ìtàn rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé gbogbo ọkọ̀ ojú omi ló ń sá fún kí omi má wọ inú òun, ṣùgbọ́n ní ti Fearless, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni kó mọ̀ọ́mọ̀ rì díẹ̀, kó ṣí ìdí sílẹ̀, kí òkun máa rọ́ wá sínú ikùn rẹ̀. Èkejì ni pé àwọn tó kàn án mọ ohun tí wọ́n ń kàn án fún bí ẹni mọ owó, síbẹ̀ kò tíì lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ tí ìjọba tó ni ín fi kéde pé àwọn kò ní ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ṣẹ́ kù fún un, iṣẹ́ tó bá yọjú ni wọ́n ń gbé lé e lórí. Ó di ilé ìpàdé, ó di ilé ẹ̀kọ́, ó bá wọn ṣe fíìmù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí ogun tó jọ èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kàn án, ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí sì ni ogun náà ti bẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí ojú rí ní Suez

Ọdún 1956 ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ Gamal Abdel Nasser gba ipadò Suez fún Íjíbítì lóṣù Keje. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, tí àwọn àti Ísírẹ́lì ti jọ dì í ní bòńkẹ́lẹ́, kó ọmọ ogun wọ Port Said. Hẹlikópítà gbé àwọn kan sọ̀kalẹ̀ láti ojú òkun, nǹkan tuntun ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n táńkì ogun kì í fò. Malta ni wọ́n ti kó ẹrù wúwo sínú àwọn ọkọ̀ tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ tó ń rìn bí alábahun lórí omi. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi wà lọ́nà, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n bọ̀. Kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀, Amẹ́ríkà ti fún wọn lọ́rùn lórí owó, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti pariwo lé wọn lórí, wọ́n sì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ tìtìjú-tìtìjú.

Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni pé ayé ti yí padà. Èyí tí àwọn ọ̀gá ogun kọ́ ni pé ọkọ̀ àwọn lọ́ra jù.

Nítorí náà wọ́n fẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tí yóò gbé ọmọ ogun, táńkì, bọ́ọ̀tì ìgúnlẹ̀ àti hẹlikópítà pọ̀, tí yàrá ìdarí ogun yóò wà nínú rẹ̀, tí yóò sì lè sáré tẹ̀lé àwọn ọkọ̀ ogun yòókù. Amẹ́ríkà ti mú irú rẹ̀ jáde: ọdún 1962 ni USS Raleigh tiwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n kan méjì. Harland and Wolff ní Belfast, àwọn tó kan Titanic, ló gba èkíní. Ọjọ́ 25 oṣù Keje 1962 ni wọ́n tẹ́ irin ìpìlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 1963 ni wọ́n tì í sómi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fearless, èyí tí í ṣe Aláìfòyà lédè wa. Àbúrò rẹ̀, Intrepid, ń dìde lọ́wọ́ ní Clydebank ní Scotland. Ọdún 1967 ni òun wọ iṣẹ́.

Àwọn olóṣèlú ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe iṣẹ́ tí ọkọ̀ méjèèjì yóò máa ṣe: "Ìlà-oòrùn Suez." Láti Aden dé Singapore, ibikíbi tí wàhálà bá ti bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ọkọ̀ náà yóò ti wà nítòsí lórí òkun. Èrò yìí kì í ṣe àlá lásán. Ní oṣù Kìíní 1964, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Tanganyika dìtẹ̀ sí ọ̀gá wọn, Julius Nyerere fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ̀ ogun HMS Centaur fi kó àwọn ọmọ ogun Marines wá pa iná ìjà náà. Láìpẹ́ sí i lọ́dún kan náà, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ló wá gba ipò wọn níbẹ̀. Àwọn tó ń kan Fearless lọ́wọ́ ní Belfast ka ìròyìn Tanganyika, wọ́n rí i pé iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún un.

Ikùn tó ń gba òkun

Ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀ wò kó tó gbéra. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 520, ìbú rẹ̀ 80. Níwájú ni ilé àwọn atukọ̀ àti òpó rẹ̀ wà, bíi ti ọkọ̀ mìíràn. Láti àárín lọ sẹ́yìn ni ó ti di nǹkan ọ̀tọ̀: òkè jẹ́ pápá pẹrẹsẹ fún hẹlikópítà, abẹ́ pápá náà sì jẹ́ ihò gígùn kan tó lọ títí dé ìdí ọkọ̀, níbi tí ilẹ̀kùn irin ràgàjì kan ti dé e. Nínú ihò yẹn ni bọ́ọ̀tì ìgúnlẹ̀ mẹ́rin máa ń jókòó sí, táńkì àti ọmọ ogun nínú wọn. Mẹ́rin mìíràn tó kéré sí wọn so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Tí àkókò bá tó, wọ́n á ṣí àwọn àgbá inú ògiri ọkọ̀ kí omi òkun wọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ràkúnmí tó ń kúnlẹ̀ kí wọ́n lè dì í lẹ́rù. Ọkọ̀ tó wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 12,000 nígbà tó dúró déédéé á mu omi títí yóò fi súnmọ́ tọ́ọ̀nù 17,000. Ìgbà náà ni wọ́n á rọra sọ ilẹ̀kùn ìdí kalẹ̀. Òkun á wọlé, àwọn bọ́ọ̀tì tó ti jókòó lórí irin gbígbẹ á léfòó, wọ́n á sì fi ẹ̀yìn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sínú omi gbangba. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á padà wọlé, ilẹ̀kùn á dé, pọ́ǹpù á fa omi jáde, ọkọ̀ á sì dìde.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi tiwa ní Nàìjíríà ti ní ọkọ̀ tó ń kó ọmọ ogun gúnlẹ̀: NNS Ambe àti NNS Ofiom tí wọ́n kàn ní Jámánì ní 1979, àti NNS Kada tó dé láti Sharjah ní 2022. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn, imú ni wọ́n ń ṣí. Wọ́n á fi àyà lé yanrìn etíkun, ẹrù á sì wọ́ jáde. Fearless kì í fara kan ilẹ̀. Ó ń dúró lókèèrè, ó ń bí àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí etíkun, ó sì ń gbà wọ́n padà sínú.

Nǹkan bíi 580 atukọ̀ ló ń gbé inú rẹ̀, àyè sì wà fún irínwó ọmọ ogun; tí wọ́n bá fún ara wọn pọ̀, ó lè gbà tó ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ooru omi híhó ló ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà wá bá a.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn Ian Smith

Oṣù tí wọ́n fa àsíá Fearless sókè kì í ṣe oṣù lásán fún wa ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1965, Ian Smith, olórí ìjọba Rhodesia tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀, tí wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ará ìlú, kéde pé àwọn ti gba òmìnira fúnra àwọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìjọba lé aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tuntun kan tí wọ́n kàn láti máa kó ọmọ ogun lọ pa ọ̀tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn olórí Áfíríkà ń bèèrè pé kí ni wọ́n ń dúró dè. Lóòótọ́, Rhodesia kò ní etíkun, bọ́ọ̀tì Fearless kò sì lè gúnlẹ̀ ní Salisbury, olú ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé ibi etíkun rárá, nítorí Harold Wilson, olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ pé òun kò ní lo ipá. Tafawa Balewa pe àwọn olórí ìjọba Commonwealth jọ sí Èkó ní oṣù Kìíní 1966, ìpàdé wọn àkọ́kọ́ tí wọn kò ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni Wilson ti sọ pé fífi ọrọ̀ ajé dè wọ́n yóò mú Smith balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò ní tó oṣù. Ọjọ́ 12 ni ìpàdé parí. Ọjọ́ 15 ni àwọn ṣọ́jà dìtẹ̀, Balewa sì bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ tí Wilson ń sọ di ọdún mẹ́rìnlá.

Nígbà tí Fearless fi máa kan Rhodesia, kò mú ọmọ ogun kankan dání lọ. Oṣù Kẹwàá 1968 ni, èbúté Gibraltar sì ni wọ́n so ó mọ́. Wilson ti bá Smith ṣe ìpàdé kan rí lórí omi ní oṣù Kejìlá 1966, nínú HMS Tiger, ó sì forí ṣánpọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n yan ọkọ̀ tó láyè jù ú lọ. Wilson àti àwọn èèyàn rẹ̀ wọ̀ sínú Fearless. Wọ́n fi àwọn èèyàn Smith sínú ọkọ̀ ogun mìíràn, HMS Kent, tó wà nítòsí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Smith á wá, wọ́n á jókòó. Kò sí aláwọ̀ dúdú kan nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, Joshua Nkomo, Ndabaningi Sithole àti Robert Mugabe, wà látìmọ́lé ní Rhodesia lákòókò náà, Wilson àti Smith sì ń jíròrò ọjọ́ ọ̀la wọn nínú ọkọ̀ kan ní ẹnu ọ̀nà Yúróòpù.

Ìpàdé yẹn náà kò so èso. Ṣùgbọ́n mo rò pé ibẹ̀ ni ìtàn ọkọ̀ yìí ti yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là fún un. Ní oṣù Kìíní ọdún kan náà, Wilson ti dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní owó ti tán, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò ní Singapore, Malaysia àti agbègbè Gulf títí ìparí 1971. "Ìlà-oòrùn Suez" parí síbẹ̀. Mínísítà ètò ààbò tí iṣẹ́ ìgékúrò yẹn bọ́ sí lọ́wọ́ ni Denis Healey. Ẹ má gbàgbé orúkọ ìdílé yẹn. Fearless kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Iṣẹ́ tó bá yọjú

Ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìgbà ìwákúwàá. Wọ́n fi Fearless ṣe ìdánrawò ní Norway àti Mediterranean, nítorí ọ̀tá tí wọ́n ń wò báyìí ni Soviet. Wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀gá ogun ojú omi ní Dartmouth: yàrá tí wọ́n ṣe fún ọmọ ogun tó ń lọ sójú ìjà di ibùsùn àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ìràwọ̀ mọ ọ̀nà. Ọ̀gá ọkọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Bí ọ̀kan bá ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n á gbé òmíràn wá.

Iṣẹ́ kan wà láàárín ìgbà yẹn tí n kò lè fò. Ọjọ́ 31 oṣù Keje 1972 ni. Ní ìlú Derry ní Àríwá Ireland, àwọn ará Bogside àti Creggan ti fi òkúta, irin àti ọkọ̀ jíjó dí òpópónà wọn, ọlọ́pàá kò wọ̀ ọ́, ṣọ́jà kò wọ̀ ọ́. Ìjọba ní kí wọ́n wó ìdènà náà. Ẹ̀rọ tó lè wó o ni táńkì Centurion tí wọ́n de ọkọ́ ìtúlẹ̀ mọ́ níwájú. Ṣùgbọ́n bí ayé bá rí i pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wa táńkì kọjá láàárín ìlú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ á di ariwo. Fearless ló gbé mẹ́rin wá lórí òkun. Nínú òkùnkùn, bọ́ọ̀tì rẹ̀ gbé wọn gba odò Foyle wọ ìlú. Wọ́n ti yí ẹnu ìbọn wọn sẹ́yìn, wọ́n sì ti fi tapólì bò ó. Wọ́n wó ohun tí wọ́n fẹ́ wó, wọ́n sì tún padà wọ inú ọkọ̀. Ìgbà tí ọmọ Belfast máa kọ́kọ́ gbé táńkì lọ síbi wàhálà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i, bó ṣe rí nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan fúyẹ́. Ní 1977 ó wọ inú fíìmù James Bond, *The Spy Who Loved Me*: ní ìparí, nígbà tí Roger Moore àti obìnrin rẹ̀ ń léfòó nínú àpótí irin lójú òkun, ikùn Fearless ló gbé wọn mì. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wo fíìmù yẹn ló ti rí ihò ìdí ọkọ̀ náà kedere, tí wọn kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ gidi ni.

Ìdájọ́ àti ìdáríjì

Oṣù Kẹfà 1981 ni John Nott, mínísítà ètò ààbò Margaret Thatcher, gbé ìwé àtúntò rẹ̀ jáde. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ yéni: ọ̀tá ni Soviet, ogun yóò wà ní Yúróòpù, kí ni a fẹ́ fi ọkọ̀ tó ń kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ ní etíkun òkèèrè ṣe? Ó dájọ́ pé kí Fearless àti Intrepid máa lọ. Àwọn ọmọ ogun Marines fárígá, wọ́n rojọ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1982, Nott yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ méjèèjì sílẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1982, Ajẹntínà gba erékùṣù Falkland lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìdáríjì yẹn bá fi oṣù mélòó kan pẹ́, n kò mọ ohun tí wọn ì bá fi gbé ọmọ ogun lọ.

San Carlos

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni Fearless kúrò ní Portsmouth. Ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà ni Kápítẹ́nì Jeremy Larken. Kọmódò Michael Clapp, tó ń darí gbogbo ọkọ̀ ìgúnlẹ̀, àti Bìrìgédíà Julian Thompson, tó ń darí àwọn ọmọ ogun tí yóò gúnlẹ̀, jọ wà nínú rẹ̀. Ó wá di ohun tí àwọn tó yàwòrán rẹ̀ ní lọ́kàn ní 1960: ọkọ̀ kan tí olórí ogun orí omi àti olórí ogun orí ilẹ̀ jọ ń wo máàpù kan náà lórí tábìlì kan náà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ máìlì sílé.

Ẹnì kan wà pẹ̀lú wọn tí ìmọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fowó rà: Major Ewen Southby-Tailyour ti ẹgbẹ́ Marines. Nígbà tí wọ́n fi í sí Falkland ní òpin àwọn ọdún 1970, ó fi ọkọ̀ ìgbòkun rìn ká etíkun ibẹ̀, ó ń ya gbogbo ẹnu omi àti àpáta rẹ̀ sínú ìwé. Nǹkan ìgbafẹ́ ni nígbà náà. Ní 1982 ìwé yẹn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbà wọlé, òun ló sì ṣíwájú àwọn bọ́ọ̀tì.

San Carlos ni wọ́n mú, apá omi kan tí òkè yí ká, tí bọ́ǹbù tó ń sáré lábẹ́ omi kò fi lè rọrùn láti ta wọ̀ ọ́. Ní òru ogúnjọ́ mọ́ ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ kó sínú òkùnkùn biribiri. Ẹgbẹ́ 40 Commando wà nínú Fearless, wọ́n ti kun ojú wọn dúdú, wọ́n tò sínú bọ́ọ̀tì. Àkókò tó láti mú ìdí ọkọ̀ lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù tó ń gbé omi sínú àgbá sì kọṣẹ́. Gbogbo ètò òru náà dúró lé ìṣẹ́jú. Larken ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìdí bó ṣe wà, kí òkun wọlé fúnra rẹ̀. Omi rọ́ wọlé gbùú, àwọn bọ́ọ̀tì mì, wọ́n léfòó, wọ́n jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ọdún mẹ́tàdínlógún kọ́ bí wọ́n ṣe ń rì í jẹ́jẹ́, ìgbà tí ogun rẹ̀ dé, wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn fún òkun ni.

Wọ́n gúnlẹ̀ láìsí ìjà ńlá létíkun. Ìyà dé ní ojúmọmọ, láti òkè. Àwọn awakọ̀ òfuurufú Ajẹntínà ń fò nílẹ̀ débi pé àwọn tó wà lórí ọkọ̀ ń wo wọ́n láti òkè nígbà mìíràn, wọ́n sì ń sọ bọ́ǹbù lójoojúmọ́. Wọ́n rì ọkọ̀ ogun Ardent. Wọ́n rì Antelope. Nígbà tí Antelope ń jóná lóru, tí bọ́ǹbù kan tí kò tíì bú sì wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀tì Fearless kan tó ń jẹ́ Foxtrot Four sún mọ́ ọn, ó gbé ọ̀pọ̀ atukọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ ni Colour Sergeant Brian Johnston.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ni ọjọ́ burúkú jù. Foxtrot Four ń gbé àwọn ọkọ̀ Land Rover kan lọ sí Fitzroy ní ojúmọmọ, lójú omi gbalasa, láìsí ọkọ̀ ogun kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàálù Skyhawk rí i. Èèyàn mẹ́fà kú, Johnston wà lára wọn. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ lẹ́yìn ikú rẹ̀ nítorí iṣẹ́ Antelope. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni bọ́ǹbù ba ọkọ̀ Sir Galahad, níbi tí èèyàn méjìdínláàádọ́ta ti kú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ogun Welsh Guards tí Fearless ti gbé lọ sápá ibẹ̀ ní òru méjì ṣáájú, tí bọ́ọ̀tì kò tó láti gbé gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, tó sì di dandan kó dá àwọn tó kù padà. Àwọn tí bọ́ọ̀tì kò kàn ní òru yẹn ni iná kàn.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Ajẹntínà túúbá. Ọ̀gágun Mario Menéndez, gómìnà tí wọ́n fi jẹ lórí erékùṣù náà, di ẹlẹ́wọ̀n ogun, inú Fearless sì ni wọ́n fi í sí fún ìgbà díẹ̀.

Àgbàlagbà tó ń se omi

Ẹni tó bá rò pé lẹ́yìn irú iṣẹ́ yẹn wọn ó ti máa kan ọkọ̀ tuntun kò mọ bí ìjọba ṣe ń ṣe. Wọ́n yìn ín, wọ́n tún un kùn, wọ́n sì dá a padà sídìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dartmouth. Ní òpin àwọn ọdún 1980 wọ́n tún ẹ̀ka púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe ní Devonport. Láti 1991 ni Intrepid ti dúró gbagidi léti omi, tí wọ́n ń tú ẹ̀yà ara rẹ̀ láti fi dí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n kan Albion àti Bulwark láti rọ́pò wọn.

Ní àkókò yìí, gbogbo ọkọ̀ ogun tó yí i ká ló ti ń lo ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, tí yóò sì dáhùn. Fearless ṣì ń se omi. Kó tó kúrò lójú kan, wọ́n á ti dáná sábẹ́ àwọn ìkòkò irin rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Yàrá ẹ́ńjìnnì gbóná bí ẹnu ààrò, àwọn tó mọ ìtọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa lọ, òun ni ọkọ̀ orí omi ìkẹyìn tó ń lo ooru omi híhó nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìrìn rẹ̀ ìkẹyìn tún gbé e lọ sí ìlà-oòrùn Suez, bí ẹni pé ó ń lọ dágbére. Ìdánrawò ńlá kan ní Oman ló bá lọ ní 2001, ọdún tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ṣẹlẹ̀ ní New York. Lẹ́yìn ìdánrawò náà, wọ́n ní kó dúró pẹ̀lú igba ọmọ ogun 40 Commando, ẹgbẹ́ kan náà tó gbé gúnlẹ̀ ní San Carlos, kí wọ́n wà ní sẹpẹ́ fún Afghanistan. Afghanistan náà kò ní etíkun. Ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Rhodesia tí kò kan òkun, orí ilẹ̀ mìíràn tí kò kan òkun ló parí rẹ̀ sí.

Ghent

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2002 ni wọ́n sọ àsíá rẹ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sápá Portsmouth fún ọdún márùn-ún, ìpẹtà ń jẹ ẹ́. Wọn kò lè kàn tà á fún ẹni tí yóò gé e ní etíkun ibì kan. Ní 2006, Faransé ti fojú winá nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ogun Clemenceau ránṣẹ́ sí Íńdíà pẹ̀lú asbestos nínú rẹ̀, tí ariwo àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ fi jẹ́ kí wọ́n pè é padà lójú ọ̀nà. Nítorí náà wọ́n wá àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú ẹ̀ láìba afẹ́fẹ́ jẹ́, wọ́n rí wọn ní Ghent. Ní oṣù Kejìlá 2007, ọkọ̀ mìíràn so okùn mọ́ ọn nímú, ó fà á lọ.

Albion wọ iṣẹ́ ní 2003, Bulwark ní 2004. Àwọn náà ń mu omi, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣí ìdí. Ní oṣù Kọkànlá 2024, mínísítà ètò ààbò kan dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní owó ìtọ́jú ọkọ̀ méjèèjì ti pọ̀ jù, kí wọ́n máa lọ. John Healey ni orúkọ rẹ̀. Òun àti Denis kò bára tan, mo ti wò ó.

Brazil, tó ti ra HMS Ocean tẹ́lẹ̀ ní 2018 tó sì sọ ọ́ di Atlântico, ló na ọwọ́ sí Bulwark ní 2025. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, omi etíkun Brazil ni yóò máa rọ́ wọ ikùn rẹ̀.